Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́rin

Òkúta ni mo ń gé ní Yunifásítì Ìbàdàn,
ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé.
Ayùn mi a máa mu omi bí ọmọ tí ibà ń ṣe,
ẹrẹ̀ funfun a ta sí mi ní irùngbọ̀n,
wọn a ní, "Ràímì, o ti hewú."
Ìyẹ̀fun òkúta ni, ẹ fi mí sílẹ̀.

Dókítà Mọ́radékẹ́ gbé àpáta mẹ́rìnlá dé,
àpáta dúdú láti ihò òkúta lọ́nà Mọníyà,
ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan:
ibí ni àríwá.
"Ẹ má gé ọfà yẹn o, bàbá.
Bí ọfà bá lọ, ẹ̀rí lọ."

Ó mú páálí bàtà, ó fi sísọ́ọ̀sì gé Áfíríkà,
ó gé Bùràsíìlì,
ó tì wọ́n mọ́ra lórí tábìlì mi:
èjìká wọ inú abíyá.
Ó tún gé abala kan tín-ín-tín, kò ju èékánná lọ.
"Èyí ni wọ́n ń jà lé.
Àwọn kan ní ó yí po kí òkun tó là,
àwọn kan ní kò mira.
Èmi ní ó yí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ la ó gbọ́."

Nítorí òkúta, nígbà tó ṣì ń gbóná,
irin inú rẹ̀ a kọjú síbi tí àríwá wà;
bó bá tutù tán, ọrùn rẹ̀ gan síbẹ̀ nìyẹn.
Ẹlẹ́rìí tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ.

Mo gé mẹ́rìnlá. Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó jókòó ti ẹ̀rọ, kò sọ̀rọ̀:
mẹ́sàn-án kọjú síbi tí ilẹ̀ ńlá kọjú sí,
mẹ́rin ń ṣe bí ọ̀mùtí.
"Kò yí," ó ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ pé ó yí."
Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.
Kò bínú sí òkúta.

Mo bi í bóyá òkun ọ̀hún ṣì ń là.
"Bí èékánná ṣe ń hù," ó ní,
"ilẹ̀ tí a dúró lé yìí ń rìn."
Ni mo bá fa bírò yọ.

Ṣé ẹ rí i, bàbá mi àti Yínúsà àbúrò rẹ̀
bá ara wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ Ọmí-Àdió
ní ọdún méjìdínláàádọ́ta, títí bàbá mi fi kú.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni òpó ààlà fi sún,
kò sì sẹ́ni tó sún un.
Àwọn méjèèjì fi Kùránì búra.
Mo wọn èékánná àtàǹpàkò mi,
mo sọ ọ́ di ti ọdún méjìdínláàádọ́ta:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin géérégé!
Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ilẹ̀ ni! Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni!
Kò sí olè nínú ẹbí wa.

Dókítà wo ìwé mi, ó wo ojú mi.
"Bàbá, òpó àti ilẹ̀ jọ ń rìn ni.
Oko bàbá yín, oko àbúrò rẹ̀,
Òkè Àárẹ̀, Mókólà, èmi, ẹ̀yin,
ọkọ̀ kan náà la wọ̀.
Ààlà ò lè fúnra rẹ̀ sún
àyàfi bí òkun bá ń là láàrin wọn."

Mo ká ìwé náà sápò.

Ní Sátidé mo lọ sí Ọmí-Àdió ní kùtùkùtù.
Òpó wà níbẹ̀, ewéko ti bò ó dé ọrùn.
Mo gbé ẹsẹ̀ kan sí ti bàbá mi,
mo gbé èkejì sí ti Yínúsà.
Bàtà mi tutù.
Ìrì ni, mo sọ fún ara mi.
Síbẹ̀ mo yọ téèpù, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún un wọ̀n.